Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Láptọ́ọ̀pù Ṣe Kí A Tó Ra Òmíràn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di àṣà lẹ́nu wa lóde òní: "Ó ti gbó, ẹ jù ú nù." A ń sọ ọ́ sí bàtà, a ń sọ ọ́ sí fáànù, a sì ti wá ń sọ ọ́ sí láptọ́ọ̀pù. Kí láptọ́ọ̀pù ṣáà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, kí bátìrì rẹ̀ má gba iná dúró mọ́, kí ó kú lójijì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kíá ni àwọn olùdámọ̀ràn yóò ti pé lé e lórí, tí wọn yóò ní kí a lọ ra òmíràn. Èmi kò gbà. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé, nínú ilé tí owó kò ti pọ̀, àtúnṣe ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ríra òmíràn ni kí ó kẹ́yìn. Àwọn àgbà ló sọ ọ́, tótó, ó ṣe bí òwe o, pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré ni mo gbé dání. Láti ọdún 2015 ni àjọ JAMB ti pa ìwé àti pẹ́ńsùlù tì pátápátá. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò àbáwọlé sí yunifásítì. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì péré sì ni wọ́n fún wa. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ ojú kọ̀ǹpútà, bí ó tilẹ̀ mọ ìwé, àkókò lè tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní pólì àti yunifásítì kò lè kọ iṣẹ́ àṣekágbá wọn láìsí kọ̀ǹpútà. Àwọn olùkọ́ wa náà, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń ro máàkì pọ̀. Nítorí náà, bí láptọ́ọ̀pù bá dákú nínú ilé, kì í ṣe ohun ìṣeré ló dákú. Ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ èèyàn bíi mẹ́ta lè dúró nítorí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni a ní ní ilé wa ní Ìbàdàn. Ọdún 2017 ni bàbá mi rà á, tòkunbọ̀ sì ni. Màmá mi, tí í ṣe olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní pólì, ń lò ó. Èmi náà fi ń ṣe ìdánrawò fún JAMB. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Bí a bá tàn án, màmá mi lè ro ẹ̀bà, kí a jẹ ẹ́ tán, kí a sì fọ abọ́, kí ó tó ṣí. Bí NEPA bá mú iná lọ, òun náà á kú lójú ẹsẹ̀, ohunkóhun tí a kò bá tíì tọ́jú pamọ́ sínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí a ń pè ní Dádì Èkó wá kí wa, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ lọ sin òkú yìí, kí ẹ ra òmíràn."

Owó wo ni a ó fi rà á? Bàbá mi ń dá àjọ, àwọn ló sì kàn láti kó o ní oṣù náà. ₦300,000 ni àjọ ọ̀hún. Nínú rẹ̀, ₦180,000 ni owó ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Tòkunbọ̀ tó jọ tiwa, ₦280,000 ni wọ́n dá lé wa. Tuntun inú páálí, ₦650,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí a bá ra tòkunbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kò ní rí owó ilé-ìwé san, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó ṣe ìdánwò. Bí ó bá san owó ilé-ìwé tí kò sí láptọ́ọ̀pù, kò ní rí ohun tí yóò fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀.

Màmá mi ló ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é ná. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a gbé e lọ, wọn kò tilẹ̀ tú u wò tí wọ́n fi ní motherboard ló jó, kí a mú ₦90,000 wá. A gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹnjiníà kejì tú u lójú wa. Ó ní motherboard kò ṣe nǹkan kan. Hard disk ló ń kú lọ, bátìrì ti kú ní tirẹ̀, eruku sì ti dí fáànù pa. SSD jẹ́ ₦32,000, bátìrì jẹ́ ₦27,000, fífọ inú rẹ̀ jẹ́ ₦6,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦65,000. Ẹ̀gbọ́n mi san owó ilé-ìwé, ó ṣe ìdánwò, ó sì kọ iṣẹ́ rẹ̀ parí lórí "òkú" tí wọ́n ní kí a lọ sin. Owó sì tún ṣẹ́ kù sínú àjọ.

Kì í ṣe oríire lásán ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Ó ṣẹlẹ̀ nítorí pé a béèrè ìbéèrè tí àwọn tó ń ní kí a jù ú nù kì í béèrè: kí ló ń ṣe é gan-an? Láptọ́ọ̀pù kì í ṣe odidi òkúta kan. Àkójọ ẹ̀yà ni, bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́, a kì í torí rẹ̀ ta ọkọ̀. Bí aago ògiri bá dákẹ́, bátìrì ni a kọ́kọ́ ń pààrọ̀.

Ẹ mú bátìrì láptọ́ọ̀pù ní àpẹẹrẹ. Kò sí èyí tí kì í gbó nínú wọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìgbà 300 sí 500 tí iná bá ti kún inú rẹ̀ tí a sì lò ó gbẹ, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ní àdúgbò tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, kíá ni yóò pé iye yẹn. Bátìrì ló gbó nígbà náà, láptọ́ọ̀pù kò gbó.

Ẹ mú ti gbígbóná àti ariwo. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń lé ooru kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Tí eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́rin márùn-ún bá dí i, ọpọlọ náà á gbóná, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ọ́mọ̀ máa fa ẹsẹ̀ kí ó má baà jó, tàbí kí ó kúkú pa ara rẹ̀. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju kí a gbá eruku rẹ̀ dànù, kí a sì fi ọ̀rá tuntun sáàárín ọpọlọ náà àti irin tó ń gba ooru rẹ̀.

Ẹ wá mú ti ìlọ́ra, èyí tó ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sọ́jà. Hard disk àtijọ́ ní àwo kan nínú tó ń yí bíríbírí, tí ọwọ́ kékeré kan sì ń sáré wá ohun tí a fi pamọ́ kiri lórí rẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti gorí ọjọ́, àwo náà á máa ní ojú àpá, wíwá nǹkan lórí rẹ̀ á sì máa pẹ́. SSD kò ní ohun kankan tó ń yí nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń yára. Èyí tí ó máa ń ṣí lẹ́yìn tí a bá jẹun tán tẹ́lẹ̀, kò lò tó ìṣẹ́jú kan mọ́ báyìí. Bí RAM bá sì kéré, tí àyè bá wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, a lè fi òmíràn kún un bí ẹní fi kọ́ńgò ìrẹsì kún ìkòkò. Kò sí èyí tó nílò kí a ra odidi láptọ́ọ̀pù mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ wọ̀nyí.

Kókó mi kejì ló dùn mí jù. Nígbà tí wọ́n bá ní "ẹ ra òmíràn", òmíràn wo? Ọ̀pọ̀ òbí kò lè ra èyí tó wà nínú páálí, pàápàá láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye tí náírà tó, tí gbogbo ohun tó ń ti òkè òkun wá fi gbówó lórí. Tòkunbọ̀ ni wọn yóò rà. Ẹ sì ro ìtumọ̀ orúkọ yẹn wò: ohun tó ti òkun bọ̀. Ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Jámánì ló ti lò ó, tó ní ó ti gbó, tó sì gbé e sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ògbólógbòó àti tuntun ni a fẹ́ yan ọ̀kan nínú wọn. Ògbólógbòó tiwa tí a mọ ìwà rẹ̀ ni, àti ògbólógbòó ẹlòmíràn tí a kò mọ ibi tó ti ń bọ̀.

Àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dúró sí èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016 láti wo ohun tó ń wọlé. Ohun tí wọ́n rí ni pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò iná àti ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò rí ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún kan. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sí, bí ẹni kó ẹrù sínú àpò. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, apá kan tí kò kéré nínú wọn kò ṣiṣẹ́ rárá. Inú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kí bàbá mi lọ fi owó àjọ wọn ṣa láptọ́ọ̀pù. Bátìrì inú rẹ̀ lè ti gbó bíi tiwa. Hard disk inú rẹ̀ lè ti ń kú lọ bíi tiwa. A ó wá fi ₦280,000 ra àìsàn ẹlòmíràn, a ó sì tún padà sọ́dọ̀ ẹnjiníà tí a ní a kò fẹ́ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ, mo sì fẹ́ dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, wọn á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ń tún ààfin kọ́? Ìlú ni. Oníṣọ̀nà á wá, ọ̀mọ̀lé á wá, àwọn ọ̀dọ́ á rọ bíríkì. Bí láptọ́ọ̀pù ilé wa bá jó, kò sí ìlú tí yóò dáwó jọ fún bàbá mi. Òwe ọba kọ́ ni kí tálákà fi máa ná owó.

Èkejì, wọn á ní àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: wọ́n á yọ ẹ̀yà tó dára, wọ́n á fi èyí tí kò dára sí i, wọ́n á sì purọ́ owó. N kò jiyàn. Ilé tiwa náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ₦90,000 sanwó irọ́. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ kan bá ba aṣọ wa jẹ́, a kì í torí rẹ̀ máa rìn níhòòhò. Ohun tó yẹ ni kí a mọ bí a ṣe ń bá wọn lò. Kí láptọ́ọ̀pù tó kúrò nílé, ẹ kó gbogbo iṣẹ́ yín sórí flash tàbí sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, nítorí ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ kọ iye RAM àti irú disk tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá ń tú u. Ẹ gba ẹ̀yà tí wọ́n yọ padà. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọn yóò fi ṣe onídùúró fún ohun tí wọ́n fi sí i. Ẹnjiníà tó bá kọ̀ pé ẹ kò gbọdọ̀ wo òun, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ máa lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá sì dá owó ńlá lé yín láìtú nǹkan kan wò, ẹ wá ẹlòmíràn kó wò ó kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ṣé ẹni tó ń ta tòkunbọ̀ kì í purọ́ ni?

Ẹ̀kẹta, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ á ní Windows ló fa wàhálà. Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó sì ti lé ní ọdún mẹ́jọ ni Windows 11 kò gbà láti wọ inú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé láptọ́ọ̀pù náà kò bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ló ní òun kò bá a ṣe mọ́. Àwọn mìíràn ṣì wà tó ń bá a ṣe. Linux Mint àti Ubuntu wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń gba àtúnṣe ààbò déédéé, Linux Mint sì lè ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù tí RAM rẹ̀ kò ju 4GB lọ. LibreOffice wà nínú wọn fún ìwé títẹ̀ àti ìṣirò. Ọmọ tó fẹ́ ka ìwé, tó fẹ́ tẹ àròkọ, tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè JAMB fún ìdánrawò, kí ló tún kù tó ń wá? Bí áàpù kan bá wà tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi lórí Windows tuntun, tí iṣẹ́ òòjọ́ ẹni sì dúró lé e, ìyẹn yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí a má fi ìṣòro ẹni mẹ́wàá sọ ti ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀kẹrin ni wọn kì í sọ síta, bẹ́ẹ̀ òun ló lágbára jù: ìtìjú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Bí ọmọ kan bá gbé láptọ́ọ̀pù tí ó fi rọ́bà so wá sí kíláàsì, ẹ̀rín á sọ. Ẹni tó gbé èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán wá, òun la ó rọ̀gbà yí ká. Àwọn òbí mìíràn ti yáwó nítorí ẹ̀rín yẹn. Mo ní, aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Nígbà tí èsì JAMB bá jáde, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé láptọ́ọ̀pù irú èyí ni ọmọ yìí fi kàwé. Máàkì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.

N kò sọ pé kí a máa tún nǹkan ṣe títí ayé. Ẹni tó ní kí a máa gbé aláìsàn kiri nígbà tó ti kú, òun náà kò sọ òótọ́. Ìgbà ń bẹ tí ó yẹ kí a jẹ́ kó lọ. Bí motherboard bá ti jó lóòótọ́, tí wọ́n ti jó o lẹ́ẹ̀kan tó sì tún kú, kí a dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá fi òjé lẹ RAM àti disk mọ́ inú rẹ̀ tí wọn kò ṣeé yọ, tí wọ́n sì bàjẹ́, àtúnṣe á ṣòro. Bí omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò bá ti wọ inú rẹ̀, tí ẹ̀yà rẹ̀ ti ń dípẹtà, owó tí a bá ná lé e lórí lè ṣòfò. Ìlànà tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé máa lò kò le: bí owó àtúnṣe bá ti ju ìdajì iye tí a ó fi ra irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ, kí a ronú ríra òmíràn, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kí a tún un ṣe. ₦65,000 kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ₦280,000. Ohun kan tún wà tí kò gba àròyé: bí bátìrì bá wú, kí a má gún un, kí a má sì gba iná sí i mọ́, nítorí ó lè gbiná. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe yọ ọ́. Síbẹ̀, bátìrì náà ni kí a pààrọ̀, kì í ṣe odidi láptọ́ọ̀pù.

Ẹ jẹ́ kí a wá béèrè ibi tí èyí tí a jù nù ń lọ. Ìròyìn tí àjọ àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé pàǹtírí ẹ̀rọ tí gbogbo ayé dà sílẹ̀ ní ọdún 2022 jẹ́ mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù. Èyí tí wọ́n ní àkọsílẹ̀ pé a kó jọ tí a sì tún lò bó ti yẹ nínú rẹ̀ kò pé ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kù ń bẹ ní ilẹ̀, nínú odò, lórí ààtàn. Lọ́dọ̀ wa, àwọn ọmọ tí kò dàgbà tó mi ń fi iná sun wáyà láti yọ kópà inú rẹ̀ tà, wọ́n sì ń fa èéfín náà símú. Òjé wà nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, májèlé sì ni fún ọpọlọ ọmọdé. Bí òjò bá rọ̀, ó lè wọ́ lọ sínú kànga. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Kí a sì rántí pé kí láptọ́ọ̀pù tuntun tó jáde, ilẹ̀ ti jìyà fún un. Ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti ń wa èyí tó pọ̀ jù nínú kóbáàtì àgbáyé tí wọ́n ń lò fún bátìrì. Nínú gbogbo ìpalára tí láptọ́ọ̀pù kan ń ṣe fún afẹ́fẹ́ ayé, àsìkò tí wọ́n ń ṣe é ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wáyé, kì í ṣe ìgbà tí a ń lò ó. Ọdún kan tí a bá fi kún ọjọ́ ayé èyí tó wà nílẹ̀, èrè ni fún àpò wa, èrè ni fún ilẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń jù nǹkan nù sí wa gan-an ti ń ronú pìwà dà. Ní Faransé, láti oṣù kìíní ọdún 2021, òfin ti ní kí ẹni tó bá ń ta láptọ́ọ̀pù fi máàkì sára rẹ̀, lórí mẹ́wàá, tó ń sọ bí ó ti rọrùn tó láti tún un ṣe. Àwa náà ní òfin. Láti ọdún 2011 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí ohun èlò iná àti ẹ̀rọ, àjọ NESREA ni wọ́n sì fi ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú ìwé kò lè dá kọ̀ńténà dúró. Ẹ̀yin ìjọba wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dán ẹrù wò ní èbúté kí ó tó wọ ọjà, kí òbí má máa fi owó oúnjẹ ra pàǹtírí.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀yin olùkọ́ wa ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ sí jù. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2025, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lára àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ní kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ilé-ìwé wa ló ní yàrá kan tí kọ̀ǹpútà tó ti kú kún inú rẹ̀, tí a tì pa, tí eruku bò, nígbà tí olùkọ́ ń fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán RAM sójú pátákó? Ẹ ṣílẹ̀kùn yẹn. Ẹ jẹ́ kí a tú wọn. Bí méjì bá kú, ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀yà ọ̀kan tún èkejì ṣe. Ẹ pe ẹnjiníà àdúgbò kan wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó kọ́ wa. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ hard disk rí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí yóò lè parọ́ motherboard fún òbí rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ má bínú pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń gbà yín nímọ̀ràn lórí owó tí ẹ fi òógùn ojú yín wá. Nítorí pé mo mọ bí ẹ ti ń wá a ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó lọ yáwó, kí ẹ tó kó àjọ fún ẹni tó ń ta tòkunbọ̀, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré: Kí ló ń ṣe é? Èló ni àtúnṣe rẹ̀? Ṣé iye yẹn ju ìdajì òmíràn lọ? Bí ẹ kò bá tíì rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ má tíì jáde nílé.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ yé fi láptọ́ọ̀pù ọmọ ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń mú ohun àtijọ́ ṣiṣẹ́ ní ọgbọ́n lọ́wọ́ ju ẹni tó kàn mọ bí a ṣe ń sọ pé kí bàbá òun ra tuntun. Aláìsàn ni láptọ́ọ̀pù tó ń lọ́ra, kò tíì kú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.